Bèbí Tí Wọ́n Tì Mọ́ Inú Kọ́bọ́ọ̀dù

Mo bínú sí kọ́bọ́ọ̀dù onírin kan fún oṣù mẹ́ta gbáko. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọkọ mi, ó wò mí títí, ó ní kí n lọ jókòó, kí n jẹun ná. Àmọ́ kì í ṣe ebi ló ń pa mí.

Nọ́ọ̀sì ni mí, ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní agbègbè Ọ̀jọ́. Lọ́dún yẹn, wọ́n rán mi lọ fún ẹ̀kọ́ ọlọ́sẹ̀ kan lórí ọmọ tuntun tí wọ́n bí tí kò ké, bí a ṣe máa mú un mí kó tó pẹ́ jù. Bèbí rọ́bà ni wọ́n fi kọ́ wa. Bèbí náà ṣe rẹ́gí ọmọ tuntun, ó ní ìwọ́, ó ní imú àti ẹnu, àyà rẹ̀ sì máa ń gbéra sókè bí afẹ́fẹ́ bá wọ inú rẹ̀ dáadáa. Bí afẹ́fẹ́ ò bá wọlé, kò ní gbéra, ojú ẹ á sì tì ẹ́ níwájú gbogbo kíláàsì. Àpò afẹ́fẹ́ kékeré kan wà pẹ̀lú rẹ̀, tí wọ́n so mọ́ ìbomú rọ́bà. Ìbomú yẹn lèèyàn á fi bo ẹnu àti imú ọmọ, á wá máa tẹ àpò náà díẹ̀díẹ̀. Àwọn tó kọ́ wa ní kí a máa bu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú bèbí náà kí a tó lò ó, kó lè wúwo bí ọmọ gidi.

Ọjọ́ tí a parí, wọ́n fún mi ní méjì kí n kó wọn lọ sílé ìwòsàn wa, pẹ̀lú àdéhùn pé n ó lọ kọ́ àwọn ìyá agbẹ̀bí agbègbè wa. Ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ obìnrin Ìbà àti Àjàńgbádì, ọ̀dọ̀ àwọn ìyá yẹn ni wọ́n ń bímọ sí. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá ti bàjẹ́ tán ni wọ́n ń rántí wa.

Ọwọ́ méjèèjì ni mátírọ̀nù wa fi gba àwọn bèbí náà. Ó yẹ̀ wọ́n wò síwá sẹ́yìn, ó dá wọn padà sínú nílọ́ọ̀nù wọn, ó kó wọn sínú kọ́bọ́ọ̀dù onírin tó wà lẹ́yìn àga rẹ̀, ó tì í, ó sì ju kọ́kọ́rọ́ sínú báàgì rẹ̀.

Mo ní, "Mà, ọjọ́ Túsìdeè ni mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kíláàsì."

Ó ní, "Bẹ̀rẹ̀. Ta ló dí ẹ lọ́wọ́?"

"Bèbí yẹn ni mo fẹ́ fi kọ́ wọn, mà."

"Ó yẹ kí o kọ́kọ́ fi ẹnu ṣàlàyé fún wọn ná. Nǹkan tó bá dáa, ẹ̀yin kì í jẹ́ kó pẹ́."

Kì í ṣe èèyàn burúkú. Mo mọ ohun tó fà á. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹnì kan yá òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ọmọ, kò dá a padà, òun tó fọwọ́ sí i ni wọ́n sì ń pè lọ sí sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láti wá ṣàlàyé. Láti ìgbà yẹn, bí èèyàn bá fẹ́ gba bándéèjì lọ́wọ́ rẹ̀, àfi kó sọ orúkọ ẹni tó fara gbọgbẹ́. Mo mọ gbogbo èyí. Kò sì ní kí inú má bí mi.

Nígbà tí Túsìdeè pé, lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ àti ìwé tí mo fọwọ́ sí lẹ́ẹ̀mejì, ó yọ̀ǹda ẹyọ kan. Ó ní n kò gbọdọ̀ bu omi sí i, nítorí omi ló ń jẹ́ kí rọ́bà jẹrà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe gbé bèbí gbígbẹ lọ sí Ìbà, pẹlẹbẹ bíi nílọ́ọ̀nù píọ́ wọ́tà tí wọ́n ti mu tán.

Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì kan ni wọ́n yá wa. Obìnrin mọ́kànlá ló wá. Àwọn kan wọ híjáàbù, àwọn kan wá láti ilé ìgbẹ̀bí ṣọ́ọ̀ṣì, méjì ń bá ara wọn sọ Ègùn ní ìdí ilẹ̀kùn. Mo kí wọn, mo gbé bèbí jáde. Ọ̀kan nínú wọn ní òun ò ní fọwọ́ kàn án àfi bí a bá kọ́kọ́ gbàdúrà. A gbàdúrà. Àwọn oníṣọ́ọ̀ṣì gbà tiwọn, àwọn Mùsùlùmí gbà tiwọn, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kí tòun kúrú ju ti ẹnì kejì lọ. Nígbà tí wọ́n fi máa ṣàmín tán, ìdajì wákàtí mi ti lọ. Òmíràn tú bèbí náà wò, ó béèrè bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, torí kò rí àpẹẹrẹ kankan. Ẹ̀kẹta gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó pọ̀n ọ́n, ó sì ń jó yí gbọ̀ngàn po. Wọ́n rẹ́rìn-ín débi pé àwọn kan ń nu omi ojú. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ẹni tó ń wo aago.

Ẹnì kan ṣoṣo ni kò rín. Ìyá àgbà kan tó jókòó lẹ́bàá fèrèsé, tó di gèlè funfun, tó ká ọwọ́ lé àyà. Òun ló ń bójú tó ilé ìgbẹ̀bí kan níbẹ̀ ní Ìbà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni èyí tó ju ìdajì àwọn tó kù lọ ti kọ́ṣẹ́. Nígbà tí mo gbé bèbí dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó fi ọwọ́ kan gbé e, ó gbé e padà fún mi.

Ó ní, "Nọ́ọ̀sì, èyí ò wúwo. Ọmọ tí kò bá wúwo, ọwọ́ ò ní gbà á gbọ́."

Òótọ́ ló sọ. Òótọ́ yẹn ló mú mi bínú jù lọ́jọ́ náà.

Ní Túsìdeè kejì, mo gbé fúláàsì omi gbígbóná sínú báàgì mi, mo fi ìró bò ó. Ní ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, mo pò ó mọ́ omi tútù títí ó fi lọ́ wọ́ọ́rọ́, mo bu ú sínú bèbí, mo dì í, mo fi aṣọ wé e bí wọ́n ṣe ń wé ọmọ. Mo gbé e fún obìnrin tó pọ̀n ọ́n jó lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó nawọ́ gbà á pẹ̀lú ẹ̀rín, ẹ̀rín náà sì kú sí i lẹ́nu. Orí bèbí náà ṣubú sẹ́yìn lọ́wọ́ rẹ̀, ó yára fi ọwọ́ kejì gbé e ró láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un.

Ó rọra sọ pé, "Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́."

Wọ́n ń gbà á lọ́wọ́ ara wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo wọn ń fọwọ́ gbé orí rẹ̀ ró. Inú mi dùn. Mo rò pé mo ti rí ojútùú rẹ̀. Mo gbé e dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà, mo ní, "Màmá, ọmọ yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, kò ké, kò mí. Kí lẹ máa ṣe?"

Ó di ẹsẹ̀ bèbí náà mú, ó dorí rẹ̀ kodò, ó gbá a lẹ́yìn. Ó tún gbá a. Ó fẹ́ atẹ́gùn sí i létí, ó ní kí wọ́n bu omi tútù wá. Mo ń wo aago ọwọ́ mi, mo ní, "Ìṣẹ́jú kan ti lọ, Màmá." Ó ń gbá a. Mo ní kó gbé e sílẹ̀, kó nu ún gbẹ, kó fọwọ́ ra á lẹ́yìn, kó gbé ìbomú. Kò tiẹ̀ gbọ́ mi. Ojú rẹ̀ ò sí lọ́dọ̀ wa rárá. Gbogbo ohun tí mo ti gbé mì láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, àdúrà, ijó, kọ́bọ́ọ̀dù, gbogbo rẹ̀ ló dà jáde lẹ́nu mi.

Mo ní, "Màmá, ẹ ti pa á."

Ìyá náà dúró. Ó tẹ́ bèbí sórí tábìlì, ó fi aṣọ rẹ̀ bò ó dé àyà, ó mú báàgì rẹ̀, ó sì jáde. Kò yára, kò sì wẹ̀yìn.

Ní Túsìdeè kẹta, obìnrin méjì ló wá. Ọ̀kan wá ṣáàjì fóònù rẹ̀, nítorí wọ́n ní jẹnẹrétọ̀ gbọ̀ngàn ń ṣiṣẹ́. Èkejì wá sọ fún mi pé àwọn yòókù ò ní wá mọ́.

"Wọ́n ní ẹ bú ìyá wọn."

Mo padà sí ilé ìwòsàn, mo sọ ọ́ fún mátírọ̀nù. Ó ní, "Ṣé mi ò sọ fún ẹ?" Kò sọ nǹkan kan fún mi nípa èyí rí láyé. Ó gbé bèbí náà, ó mì í, omi dún nínú rẹ̀. A jọ gbọ́ ọ. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó gbé e sínú rẹ̀, ó tì í.

Ní Sátidé, mo wọ Márúwá láti Òkókómáíkò lọ sí Ìbà láti lọ bẹ ìyá náà. Òjò ti rọ̀ mọ́jú. Nígbà tí a dé àdúgbò rẹ̀, onímárúwá ní ẹ̀rọ òun ò ní wọ inú ẹrẹ̀ yẹn, kí n sọ̀ kalẹ̀. Mo bọ́ bàtà, mo mú un dání, mo sì ń ráhùn bí mo ṣe ń lọ: èmi tí mo fẹ́ kọ́ èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́, tí mo ń wọ́ ẹsẹ̀ nínú ẹrẹ̀ láti lọ tọrọ àforíjì lórí ọ̀rọ̀ rọ́bà.

Ó wà ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń ṣa ẹ̀wà lórí àwo. Mo kúnlẹ̀. Ó jẹ́ kí n kúnlẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ òjò, ó sọ̀rọ̀ gọ́tà tó dí, ó béèrè àwọn ọmọ mi. Orúnkún mi ti ń ro mí kó tó dákẹ́.

Mo ní, "Ẹ dárí jì mí, Màmá. Ohun tí mo sọ lọ́jọ́sí, kò yẹ kó ti ẹnu mi jáde sí yín."

Ó ní, "O ò sọ fún mi pé á lọ́ wọ́ọ́rọ́."

Mo ní, "Mà?"

"Bèbí yẹn. Tẹ́lẹ̀, ó gbẹ, kò wúwo. Bí mo ṣe gbà á lọ́jọ́ yẹn, ó wúwo, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́." Ó ṣa òkúta kan jáde, ó jù ú nù. "Ọmọ mi obìnrin ló bímọ sí mi lọ́wọ́. Àkọ́bí rẹ̀ ni. Kò ké. Mo gbá a títí ọwọ́ fi ń ro mí. Ọwọ́ mi yìí ló tutù sí. Ọmọ mi ò bi mí ní nǹkan kan láti ọjọ́ náà títí dòní. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé mo pa á. Ìwọ lo kọ́kọ́ sọ ọ́."

Mo fẹ́ sọ pé kì í ṣe ohun tí mo ní lọ́kàn nìyẹn, pé ọ̀pọ̀ ọmọ bẹ́ẹ̀ ni ìbomú gan-an ò ní lè gbà, pé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ ló ṣe ṣe é. Gbogbo rẹ̀ dún bí àwáwí lọ́kàn mi. Mo bínú sí ara mi. Mo bínú sí àwọn tó kọ́ mi pàápàá, tí wọ́n ní kí a bu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sí i, tí wọn ò rántí sọ ohun tí ìlọ́wọ́ọ́rọ́ náà lè jí dìde lọ́wọ́ ẹni tó ti gbẹ̀bí láti ìgbà tí wọn ò tíì bí wọn.

Ó ní, "Dìde. Mo fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ṣùgbọ́n mi ò ní kọ́ ọ níwájú àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́. Gbé bèbí yẹn wá síbí."

Gbígbé e dé ibẹ̀ wá di iṣẹ́. Mátírọ̀nù ní bèbí ìjọba ò lè wọ ilé àdáni láìsí ìwé. Mo kọ ìwé. Ó ní kí n mú un lọ bá ọ̀gá kan ní sẹkitéríàtì. Ọ̀gá náà ti rìnrìn àjò. Nígbà tó dé, ó fọwọ́ sí i, kò lu òǹtẹ̀. Ẹni tí òǹtẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní kí n padà wá lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó sì jẹ́ pé ní Mọ́ńdè yẹn ni wọ́n ń kun ọ́fíìsì lọ́dà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ báyìí. Mi ò sì lè sọ ìdí tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ inú yàrá ìyá náà fún mátírọ̀nù, torí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tèmi láti sọ.

Nígbẹ̀yìn, mo purọ́. Mo ní, "Mà, omi tó wà nínú bèbí yẹn á ti máa rùn o. Ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ fọ̀, kí n sá a sóòrùn nílé."

Ó fi ọwọ́ bo imú, bẹ́ẹ̀ kò sí òórùn kankan. Ó ju kọ́kọ́rọ́ sí mi. "Gbé e kúrò níbẹ̀ kíá. Tọ́sìdeè ni kí o dá a padà."

Bí mo ṣe dé ilé ìyá àgbà nìyẹn, pẹ̀lú bèbí àti fúláàsì. Kí n tó bu omi sí i, mo béèrè bóyá kí n fi í sílẹ̀ ní gbígbẹ. Ó ní kí n bu ú. A tẹ́ ẹ sórí ibùsùn rẹ̀, mo ká aṣọ pẹlẹbẹ sí abẹ́ èjìká rẹ̀ kí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ lè là, mo fi bí wọ́n ṣe ń di ìbomú mú hàn án: àtàǹpàkò àti ìka ìlábẹ̀ lórí rọ́bà, ìka yòókù ní abẹ́ àgbọ̀n. Ó ṣe é. Afẹ́fẹ́ jáde fùù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbomú, àyà ò gbéra. Ó tún un ṣe. Fùù. Mo tún ọwọ́ rẹ̀ gbé. Fùù. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ìgbà, ó na ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sí mi, mo sì rí ohun tó yẹ kí n ti rí láti ọjọ́ kìíní: oríkèé àtàǹpàkò rẹ̀ wú, kò ká dáadáa mọ́.

Ó ní, "Ó ti pẹ́ tí ìka yìí ti fẹ̀yìn tì."

Mo jókòó sílẹ̀. Mo ronú irọ́ tí mo pa, ẹrẹ̀ tí mo wọ́, ọ̀gá tí kò lu òǹtẹ̀. Mo mí kanlẹ̀, òun náà mí kanlẹ̀, a wá ń wo bèbí tó dùbúlẹ̀ láàárín wa.

Obìnrin kan tó ń bá a ṣiṣẹ́ nílé ìgbẹ̀bí, tí yóò tó ẹgbẹ́ mi, ti ń gbá ojú kan náà lẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀. Ó dá ìgbálẹ̀ dúró, ó ní, "Màmá, bí ẹ bá fi ọwọ́ méjèèjì di ìbomú yẹn mú ńkọ́? Èmi á máa tẹ àpò náà."

Ìyá fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú. Obìnrin náà kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tẹ àpò. Àyà bèbí gbéra sókè, ó rọra lọ sílẹ̀. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó tún gbéra.

Wọ́n ti sọ ọ́ fún wa níbi ẹ̀kọ́ pé ẹni méjì lè jọ ṣe é. Mo rántí lójijì pé ọ̀sán tí wọ́n ń fi ti ẹni méjì yẹn hàn ni mo jáde lọ gba ìpè, tí mo sì pẹ́ níta. Mi ò sọ ọ́ fún wọn.

Ìyá ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká tún un ṣe." Wọ́n ṣe é títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Kò pẹ́ tí ohùn tó fi ń bá ẹnì kejì rẹ̀ sọ̀rọ̀ ti di ohùn olùkọ́: "Má fi agbára tẹ̀ ẹ́. Ọmọ ni, kì í ṣe táyà. Wo àyà rẹ̀, má wo ojú mi."

Ní Túsìdeè tó tẹ̀ lé e, ìyá àgbà ránṣẹ́ pe àwọn obìnrin kíláàsì wa, gbogbo wọn wá, wọ́n tún mú ẹni mẹ́ta mìíràn dání. Ìyá àgbà bọ́ síwájú, ó gba kíláàsì lọ́wọ́ mi. Gbogbo ohun tí mo ti ń fi gbogbo agbára sọ, tí wọ́n fi ń rẹ́rìn-ín, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì dákẹ́. Kò sí ìdorí-kodò mọ́. Kò sí gbígbá. Ẹ nu ún gbẹ, ẹ ra á lẹ́yìn, bí kò bá mí, ẹ má dúró de nǹkan kan. Ó wá nawọ́ sí mi níbi tí mo jókòó sí.

"Nọ́ọ̀sì yìí ò mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ṣùgbọ́n ohun tó mọ̀, ó mọ̀ ọ́n."

Mo gbà á bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin mẹ́rìnlá fi bèbí náà ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn, nígbà tó sì fi máa di ọ̀sán, ọrùn rẹ̀ ti ya.

Kúẹ́rì ni mátírọ̀nù fi dá mi lóhùn. Ó ní kí n kọ̀wé ṣàlàyé ìdí tí ohun ìní ìjọba fi bàjẹ́ ní ìkáwọ́ mi. Mo kọ ọ́ pé, "Ó ya nítorí pé a lò ó." Ó dá a padà, ó ní ó kúrú jù. Mo lọ kọ ojú ìwé méjì, mo fi òjò sí i, mo fi rọ́bà sí i, mo fi ìrírí ọdún gbogbo tí mo ti ń ṣiṣẹ́ sí i. Ìyẹn tẹ́ ẹ lọ́rùn. Bèbí kejì ṣì wà nínú nílọ́ọ̀nù rẹ̀. Mo tún ti kọ̀wé béèrè rẹ̀.

Bí oṣù kan lẹ́yìn náà, ìyá àgbà yà sọ́dọ̀ wa láàárọ̀ láti wá gba ìbọ̀wọ́. Ó gbà á tán, ó fẹ́ máa lọ, ó wá dúró.

Ó ní, "Ọmọ méjì ló ti wá láìké láti ìgbà yẹn. Ọ̀kan mí. Ọ̀kan ò mí."

Mo béèrè ti èyí tí kò mí. Ó ní láti òwúrọ̀ ni òun ti ń sọ fún ọkọ obìnrin náà kó gbé ìyàwó rẹ̀ wá sílé ìwòsàn, ọkọ ní kí àwọn ṣì ní sùúrù. "A ṣe gbogbo ẹ̀, àwa méjèèjì. Ó ti pẹ́ jù nínú kó tó jáde." Ó kó ìbọ̀wọ́ rẹ̀ sínú báàgì. Mo sìn ín dé ẹnu géètì.

Ọjọ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ni mo rí èyí tó mí. Èrò pọ̀, ìyá ọmọ náà ti sọ káàdì rẹ̀ nù, mo sì ti ń bá a wí lórí káàdì yẹn kí n tó gbé ojú sókè. Ọmọ náà ń ké kí n tó fọwọ́ kan abẹ́rẹ́.

Ìyá rẹ̀ ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo ọmọ yìí. Kì í jẹ́ ká sùn. Wọ́n ní kò ké nígbà tí mo bí i ní Ìbà, pé ẹni méjì ló jọ ń fún un ní afẹ́fẹ́ kó tó mí. Ṣé gbogbo èyí tí kò ké nígbà yẹn ló wá ń ké báyìí ni? Ṣé kò sí oògùn ẹ̀?"

Mo ní kò sí oògùn ẹ̀. Ó pòṣé. Mo gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wúwo, ó gbóná, ó ń janra mọ́ mi lọ́wọ́. Mo fún un ní abẹ́rẹ́, ó sì tún gbé igbe náà ga sí i. Mo gbé e fún ìyá rẹ̀, mo mú káàdì tuntun, mo sì sọ fún un, bí mo ṣe ń sọ fún gbogbo wọn, pé bó bá tún sọ èyí nù, kó má wá bá mi.